Kọfí Tó Tutù Nítorí Ẹyẹ

Malmö
12, oṣù kìn-ín-ní, 2012

Bàbá mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá yín gbé ní Abu Swelim. Mo kí yín, mo kí Wabriya àbúrò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo kí àwọn ẹfọ̀n wa lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó máa ń fi ìwo ṣí ilẹ̀kùn. Ara mi le. Ti òtútù ibí yìí, n kò ní sọ ọ́ mọ́, nítorí ẹ ti ní ó ti sú yín.

Bàbá, mo ń bọ̀ wálé. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, mo ń bọ̀ ní oṣù kẹrin, èmi àti ènìyàn mẹ́rin.

Mo ti sọ fún yín rí pé ní ọjọ́ ìsinmi, mo máa ń bá àwọn àgbàlagbà kan lọ wo ẹyẹ. Ẹ rántí ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń wá sínú eèsún wa nígbà tí ooru bá bẹ̀rẹ̀, tí kì í dákẹ́, tí ẹ máa ń sọ pé ó dà bí ìyàwó tó ń ka ẹ̀sùn ọkọ rẹ̀ fún àna? Ẹyẹ yẹn ni àwọn ènìyàn ń wá kiri. Ibi tó ti ń yé ẹyin kò pọ̀ láyé, ẹ̀yìnkùlé wa sì wà lára wọn. Nígbà tí mo sọ nínú ẹgbẹ́ pé orí ẹní mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Gunvor dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Láti ọdún tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò dìde nítorí mi rí.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ bá wa wá ọkọ̀ ojú omi méjì. Ẹ bá Lafta aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ kó má yìnbọn ní ọ̀sẹ̀ náà. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé eèsún Hawi, ibi tó wà lẹ́yìn ilé àlejò wa. Inú rẹ̀ ni ẹyẹ náà ń sùn sí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí.

Ọmọ yín,
Dakhil

Abu Swelim
9, oṣù kejì, 2012

Dakhil ọmọ mi,

Wa alaikum salaam. Kíkí tí o kí àwọn ẹfọ̀n, mo ti jẹ́ ẹ fún wọn. Èyí tó máa ń fi ìwo ṣí ilẹ̀kùn ti kú láti ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a gba kíkí náà.

Mo wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé o gbàgbé láti ya nǹkan sí i. Wabriya ló fi ìka hàn mí pé ẹyẹ nìyẹn.

Ọmọ mi, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, má bínú. Nígbà tí ìyá rẹ ń kú lọ lọ́dún karùn-ún sẹ́yìn, tó ń pe orúkọ rẹ, o kọ̀wé pé ilé iṣẹ́ kò fún ọ láyè. Ẹyẹ tí kò wúwo tó èso dábínù mẹ́ta súfèé, ilé iṣẹ́ ní kí o máa lọ. Ṣé ẹyẹ náà mọ ọ̀gá yín ni? Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó bá mi sọ pé bí èmi náà bá ń kú lọ, kí wọ́n fi ọjọ́ méjì tọrẹ.

Mo tún béèrè lọ́wọ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wa ohun tí àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń ṣe. Ó ní wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í mú un. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á sì padà sílé. Ó ní wọ́n ń ti ìlú jíjìn wá fún un. Mo ní kí ni wọ́n wá ń pè wá ní aláìlajú fún nígbà náà.

Ti eèsún Hawi, gbọ́. Ilé àlejò wa ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀ oòrùn. Òpó mẹ́ta ni mo fi gbá a mú, mo sì ń sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n má fara ti ògiri. Eèsún tó gùn tó, tó sì nípọn tó láti fi ṣe òpó ilé tuntun, Hawi nìkan ló kù. Mo ti bá àwọn agéèsún sọ̀rọ̀, ikọ̀ kan ṣoṣo tó ṣì mọ iṣẹ́ náà ní gbogbo agbègbè yìí, wọ́n ní oṣù kẹrin làwọn ráyè.

Inú ilé náà ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan kọfí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá ìyá rẹ ní, níbi tí mo ti lọ tọrọ ìyá rẹ. Mo gba ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀, n kò fẹnu kàn án, mo gbé e kalẹ̀. Gbogbo ilé mọ̀ pé mo ní ẹ̀bẹ̀. Bàbá náà ń wò mí, ó jẹ́ kí kọfí tutù, ó jẹ́ kí eṣinṣin méjì kú sínú rẹ̀ kó tó ní, “Mu kọfí rẹ, Mizhir.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé mo ti rí ìyàwó. Mo mu ún tòun ti eṣinṣin. Nítorí náà, má sọ̀rọ̀ ilé àlejò fún mi bí ẹni pé igbó ẹyẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo wà nínú rẹ̀.

Máa bọ̀. Mú àwọn àgbàlagbà rẹ wá. Eèsún mi, màá gé e.

Bàbá rẹ,
Mizhir

Malmö
3, oṣù kẹta, 2012

Bàbá mi,

Mo kí yín. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, obìnrin tó jókòó tì mí sì béèrè bóyá ara mi kò yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan fún yín, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ti mú ìyá mi wọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Nígbà tó kú, n kò tíì rí ìwé ìgbélùú gbà. Bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ ni kò gbà nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, mo ṣì ń sá fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn tí mò ń fọ̀ ni mo fi nu ojú mi. Ẹ má fi ikú ìyá mi nà mí mọ́, Bàbá. Ó ń dùn mí.

Ní ti ilé àlejò, Lafta fi sìmẹ́ǹtì kọ́ tirẹ̀, n kò sì gbọ́ pé àlejò kan kú síbẹ̀. Ó ní fáànù. Ẹ̀yin lẹ ń fi òpó ti ògiri bí ẹni ń ti ọ̀mùtí lọ sílé.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́dún tí ìjọba darí omi kúrò lọ́dọ̀ wa, tí ẹ ní bí ẹ bá tún gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́ kan, ẹ ó fi ẹfọ̀n kan ṣe sàráà? Omi padà dé, ọ̀pọ̀lọ́ dé, ẹyẹ dé. Ẹ̀yin wá ń mú àdá bọ̀.

Gunvor ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ sọ fún Wabriya kó má fi oúnjẹ há wọn lọ́fun. Ẹja sísun àti wàrà ẹfọ̀n ti tó. A ó dé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin.

Dakhil

Abu Swelim
20, oṣù kẹta, 2012

Dakhil,

Mo ti gbọ́ ti ìwé ìgbélùú. Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò bá ti bá ọ sunkún dípò kí n bínú sí ọ fún ọdún márùn-ún. Irọ́ kan ṣoṣo náà ló gba ọdún márùn-ún lọ́wọ́ àwa méjèèjì. N kò ní dárúkọ ìyá rẹ mọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi dárúkọ rẹ̀.

Àwọn agéèsún ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ní. Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n wo ẹyẹ náà kíákíá, kí wọ́n má máa wò ó tìkà tẹ̀gbin.

Wabriya ti ń fọ ẹní, ó sì ń sunkún láti àná. Mo ní kó yéé sunkún sórí èyí tó ti fọ̀.

Mizhir

Abu Swelim
14, oṣù karùn-ún, 2012

Dakhil ọmọ mi,

Dírẹ́bà tó gbé yín gba Nasiriyah lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní ẹ ti wọ bàálù láìséwu. Ọlọ́run ṣeun. Mo tún fẹ́ dúpẹ́ pé mo rí ọ kí n tó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ ni mo rí jù, nítorí eèsún lo dojú kọ.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé yìí. Mo ti rí ogun, mo ti rí àbàtà tó di aṣálẹ̀. N kò tíì rí àgbàlagbà márùn-ún tó dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń mí bí ẹni tó ń rọbí. Nígbà tí ẹyẹ náà yọrí, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa yẹn sunkún. Ọmọkùnrin tó ń tukọ̀ fún yín sáré wá bá mi pé ṣé ẹnìkan kú ní ìlú wọn ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni ti ọjọ́ kẹta. Mo fẹ́ kọ ọ́ nítorí gbogbo àbàtà ló ń sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀, Lafta sì ti fi irọ́ kún un.

Mo mú àwọn ènìyàn rẹ jókòó níbi ọ̀wọ̀. Àgbààgbà mọ́kànlá wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi bu kọfí. Àwọn mẹ́ta mu, wọ́n fajú ro, ṣùgbọ́n wọ́n mu ún. Gunvor gba tirẹ̀, ó wò ó, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Ilé pa rọ́rọ́. Lafta tí kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó dákẹ́. Mo rò ó nínú mi pé àjèjì obìnrin láti ìdí yìnyín, ta ló kọ́ ọ ní àṣà wa? Inú mi dùn sí ọ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ìwọ lo kọ́ ọ.

Mo ní, “Kí ni ẹ̀bẹ̀ àlejò mi?” Ìwọ lò ń túmọ̀. Ó fọwọ́ kan àyà, ó sọ gbólóhùn méjì. Ìwọ wolẹ̀, o wá ní, “Bàbá, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gé eèsún Hawi títí ọmọ ẹyẹ tó gbẹ̀yìn yóò fi fò.” Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kúrú, tìrẹ gùn. Mo ní bóyá bí èdè wọn ṣe rí nìyẹn.

Mo wo òkè ilé. Mo wo àwọn òpó mẹ́ta tó gbá a mú. Mo wo Lafta, ó ń wò mí bíi pé kí n kọ̀ ọ́, kó lè rí ohun sọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Mo ní, “Mu kọfí rẹ, ìyá. O ti gbà á.” Ó rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì mu ún. Ìwọ lo gbé e mu dípò rẹ̀.

Àwọn agéèsún dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo dá wọn padà. Olórí wọn bi mí pé nítorí kí ni, mo ní nítorí ẹyẹ. Wọ́n ti gba iṣẹ́ níbòmíràn títí ọdún yóò fi parí.

Awò alójú méjì tí Gunvor fi ta mí lọ́rẹ wà lọ́dọ̀ Wabriya. Ó ń fi í wo ẹfọ̀n tó bá ṣáko.

Bàbá rẹ,
Mizhir

Malmö
8, oṣù kẹfà, 2012

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ohun tí ẹ ṣe, gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń sọ ọ́. Mo sọ ìtàn yín fún wọn nínú ìpàdé, ọgbọ̀n ènìyàn ló dìde tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún baba tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹyẹ lè rí ilé gbé. Ẹ ti di ẹni ńlá ní Malmö, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n ti gbé fọ́tò yín kọ́ sára ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ẹyẹ àkọ̀ kan.

Gunvor kò sí níbẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní òkè àríwá. Ènìyàn rere ni. Ẹ kò nílò láti dárúkọ rẹ̀ jù níwájú àwọn àgbààgbà, kò fẹ́ràn ìyìn.

Ilé àlejò á dúró títí ìgbà òtútù, mo mọ̀ pé ẹ mọ bí a ṣe ń fi òpó gbé e ró. Bí ẹ bá rí ìtẹ́ ẹyẹ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi iye ẹyin tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ yín tó mọyì yín,
Dakhil

Abu Swelim
2, oṣù keje, 2012

Dakhil,

Ẹyin mẹ́rin ni. Mẹ́ta ti pa. N kò wò ó nítorí ẹyẹ, mò ń wò ó kí n lè mọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ́ mi yóò tán. Mo ti gba awò náà lọ́wọ́ Wabriya nítorí ẹfọ̀n kò nílò kí wọ́n máa wò ó pẹ̀lú awò.

Ilé àlejò wó. Atẹ́gùn eléruku dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó fẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Òpó mẹ́ta tí mo fi gbá a mú dúró ṣinṣin, ilé náà ló kúrò lára wọn. Ẹnikẹ́ni kò kú. Mo yọ ìkòkò kọfí bàbá mi jáde lábẹ́ eèsún, etí rẹ̀ ti tẹ̀.

Nísinsìnyí, bí àlejò bá béèrè ilé Mizhir, ilé Lafta ni wọ́n ń mú un lọ. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ lábẹ́ fáànù, bí ọmọ tí wọ́n mú wá sílé ìwòsàn. Lafta ń po kọfí fún àlejò mi. Ó ń se é títí yóò fi dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń sọ fún wọn pé, “Ẹ má dá a lẹ́jọ́, ẹyẹ ló lé e jáde nílé.” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń bá wọn rín in, nítorí ilé onílé ni.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi ní Malmö, o ní. Bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àtẹ́wọ́ ṣeé fi ṣe òrùlé.

N kò kábàámọ̀. Àlejò ló bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ mi ni, mo sì ń dúró de ohun tí wàá sọ.

Mizhir

Abu Swelim
30, oṣù kẹjọ, 2012

Dakhil,

O kò fèsì. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ kò yá. Mo ní kí Wabriya pè ọ́ lórí fóònù, o ní “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, màá kọ̀wé,” ó sì já. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn fóònù, ó rọrùn láti já.

Lẹ́tà kan dé láti Malmö o, kì í ṣe tìrẹ. Gunvor ló kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà sì kà á fún mi níwájú Lafta àti àwọn mẹ́fà. Ó dúpẹ́. Ó ní òun kò jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n forí jì í pé òun kò mu kọfí mi, dókítà ló kọ̀ ọ́ fún òun, ó máa ń mú kí ọkàn òun sáré, àti pé òun ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun kò mọ ìdí tí ojú àwọn bàbá náà fi yí padà lọ́jọ́ náà, bóyá inú ń bí wọn sí òun. Ó wá béèrè bóyá a ti gé eèsún wa, a ti kọ́ ilé tuntun, nítorí òun rí i pé èyí àtijọ́ tẹ̀, àyà òun sì já fún wa. Ó ní ká fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Tíṣà kà á tán, kò gbójú sókè. Lafta náà kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ bí ìtìjú náà ṣe tóbi tó.

Wọ́n ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ ni o jẹ́. O jókòó lórí ẹní mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí bàbá mi dá, o mú àṣà tó fún mi ní ìyá rẹ, o fi jí ilé mi gbé. Ká ní ìwọ fúnra rẹ lo gbé ife rẹ kalẹ̀, tí o ní, “Bàbá, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá ẹyẹ yìí sí,” ṣé o rò pé màá kọ̀? Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mọ́kàndínlógún? Hawi nìkan kọ́, màá fún ọ ní gbogbo àbàtà.

Mo pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́, nítorí ẹyin lohùn. Ọmọ ẹyẹ tó gbẹ̀yìn fò ní ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ní òwúrọ̀, ó ṣubú sómi lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Mo wà níbẹ̀. Inú mi dùn sí i, inú sì bí mi pé inú mi dùn.

Nísinsìnyí, gbọ́ èyí. Mo lọ sí ibi tí ilé àlejò wa wà tẹ́lẹ̀. Mo gbé fọ́tò rẹ sí ibi tí onílé máa ń jókòó, mo jókòó síbi àlejò. Mo bu kọfí, mo gbé ife mi kalẹ̀ níwájú rẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí kọfí kò kan ẹnu mi. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún nǹkan nínú rẹ̀, Wabriya ń sunkún, gbogbo àbàtà sì ti mọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Wá fi ọwọ́ rẹ gé eèsún Hawi, kí o bá mi gbé ilé náà nàró. Má mú awò wá. Má mú ẹnikẹ́ni wá tí wàá túmọ̀ fún.

Mizhir

Abu Swelim
25, oṣù kẹsàn-án, 2012

Dakhil,

Ọjọ́ kẹtàdínlógójì nìyí. Eṣinṣin inú kọfí mi ti di mẹ́ta. Bàbá ìyá rẹ kò jẹ́ kó ju méjì lọ.

Mizhir

Malmö
3, oṣù kẹwàá, 2012

Bàbá mi,

Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́, mo ní mo wà nílé ìwòsàn, mo ní ìwé yín sọnù, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ti ya gbogbo wọn.

Òótọ́ ni. Nígbà tí Gunvor gbé ife náà kalẹ̀ tí ilé sì pa rọ́rọ́, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, Bàbá, mo ti gbàgbé. Ẹ wá ní, “Kí ni ẹ̀bẹ̀ àlejò mi?” ni gbogbo rẹ̀ bá padà wá sí mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mi tó ń sọ ìtàn eṣinṣin méjì yẹn fún wa tó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rántí àṣà wa, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì fi ṣe ni pé mo fi jà yín lólè. Kọfí rẹ̀ tí mo mu, ó ṣì korò lẹ́nu mi.

Ẹ béèrè bóyá ẹ ò bá kọ̀ ká ní èmi ni mo bẹ̀ yín. Mo rò pé ẹ ó kọ̀. Ẹ ti kọ̀ nínú lẹ́tà oṣù kejì, mo ṣì ní in. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n bẹ̀ yín kí ẹ sì kọ̀, kí n bínú, kí n sì sùn nílé. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé ọmọ tí kò wá sin ìyá rẹ̀ kò ní ẹnu ẹ̀bẹ̀ nílé bàbá rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Gunvor. Ó wá ní, “Wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún bàbá rẹ, o sì jẹ́ kí wọ́n pa á tán?” Ó ti bọ́ fọ́tò yín kúrò lára ògiri. Ó ní òun kò lè máa wo ojú yín.

Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́. Wọ́n béèrè ẹni tó kú. Mo ní ẹnikẹ́ni kò tíì kú. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe nígbà náà, kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá, ó rọrùn láti pa yín. Gbólóhùn kan ni, ẹnu mi sì ti mọ̀ ọ́n lára. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo ká a, mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì wọn.

Màá dé Nasiriyah ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí. Ẹyẹ náà á ti lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, kò sóhun tí mo fẹ́ wò níbẹ̀ ju yín lọ. N kò mọ eèsún gé mọ́, ẹ ó bú mi, ọwọ́ mi á bó. Wabriya sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti sọ àwọn ọmọ ẹyẹ náà lórúkọ, àti pé aláìgbọ́ràn inú wọn ni ẹ fún ní orúkọ mi. N kò ní béèrè bóyá òun ló ṣubú sómi.

Ẹ yọ eṣinṣin rẹ̀ kúrò, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mu kọfí yín, Bàbá.

Dakhil